Kànga mẹ́sàn-án, owó kékeré: èwo ni ká kọ́kọ́ dáàbò bò?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan lápá ìta Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi pé: "Kànga mẹ́sàn-án ni gbogbo ará àdúgbò wa jọ ń pọn. Méje jẹ́ kànga ríńgì, méjì jẹ́ borehole tí àwọn olóṣèlú gbẹ́. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ni èrò pọ̀ sí jù. Èyí tó wà nítòsí àwọn mẹkáníìkì ti ń rùn bí epo. Ọ̀kan ti gbẹ, wọ́n ń da pàǹtí sí i. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé káàkiri. A ti dáwó, ṣùgbọ́n owó náà ò pọ̀. Àwọn kan ní ká ra kẹ́míkà dà sínú gbogbo kànga, àwọn kan ní ká kó omi gbogbo wọn lọ fún àyẹ̀wò, àwọn yòókù ní ká fi gbẹ́ borehole kẹta. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó máa bí àwọn kan nínú yín nínú bẹ̀rẹ̀: nínú àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó yẹ kó gba owó yín lóṣù yìí. Kẹ́míkà ní àyè tirẹ̀, àyẹ̀wò ní àyè tirẹ̀. Borehole kẹta ni mi ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gbà ju ìwé, bírò, téèpù bíríkìlà àti dígí kékeré kan lọ.

Ẹ mú ọjọ́ kan lẹ́yìn tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ yí kànga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán po lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ kò dáa fún un, torí ẹ ò ní rí ọ̀nà tí àgbàrá ń tọ̀. Ẹ pe agbẹ́kànga tó gbẹ́ díẹ̀ nínú wọn. Ẹ pe wolé-wolé láti ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń já àwọn onílé láyà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nìyí. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó ti wà níbẹ̀ kí ilé tó pọ̀, kó fi ibi tí ṣálángá wà láyé ọjọ́un hàn yín, kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ẹ má sì fi àwọn obìnrin tó ń pọnmi lójoojúmọ́ sílẹ̀. Àwọn ló mọ kànga tí omi rẹ̀ máa ń pọ́n lẹ́yìn òjò, èyí tó máa ń gbẹ lóṣù kejì, àti èyí tí wọn kì í fi se ọbẹ̀ bó ti wù kí omi wọ́n tó. Mi ò tíì rí láàbù tó mọ ìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń bẹ kànga wò, ìbéèrè bíi mẹ́wàá tí ìdáhùn wọn kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ṣálángá tàbí sọ́kàwéè wà láàárín mítà 10 sí i? Ṣé òkè ni ṣálángá wà, tí kànga wà nísàlẹ̀? Ṣé omi máa ń dárogún sí ẹ̀bá rẹ̀? Ṣé pèpéle sìmẹ́ńtì tó yí i ká kò tó mítà kan ní fífẹ̀, àbí ó ti sán? Ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn àti ike ìfami sí? Ṣé ẹran ń dé ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì kan. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe pọ̀ tó.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni ti inú kànga fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni dígí ti wúlò. Nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa, ẹ dúró lẹ́nu kànga, ẹ fi dígí gba oòrùn, kí ẹ ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú, kí ẹ rọra máa darí rẹ̀ yí ara ríńgì ká láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí ríńgì kan ti jókòó lórí èkejì. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú tàbí pupa tó ṣàn wálẹ̀ láti ojú ìsopọ̀ kan, tàbí tí nǹkan tútù bá hù síbẹ̀, omi òkè ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ojú ilẹ̀ ló ṣe kókó jù. Kò yẹ kí omi rí ihò kankan gbà níbẹ̀. Omi tó bá wọlé láti ìsàlẹ̀ ti rin inú erùpẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èyí tó bá gba mítà kejì wọlé, omi tí ẹnì kan fi fọ nápíìnì ọmọ lórí pèpéle láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Ní ti borehole, ẹ da garawa omi méjì sí ìdí páìpù níbi tó ti wọlẹ̀. Tí omi bá ṣàn lọ, ó dáa. Tó bá rá mọ́lẹ̀ lọ́gán, a jẹ́ pé àwọn tó gbẹ́ ẹ kò fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo tó wà láàárín páìpù àti ara ihò. Ọ̀pọ̀ máa ń da erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde padà síbẹ̀ ni, torí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wú u wò. Borehole tí wọ́n gbẹ́ lásìkò ìbò ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ báyìí ni pé orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Àpáta tó ti jẹrà di erùpẹ̀ láti ayébáyé ni kànga ríńgì ti ń rí omi. Borehole ń lọ bá tirẹ̀ nínú ojú tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Níbi tí erùpẹ̀ bá ti nípọn, tó sì jẹ́ amọ̀, omi ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á sì kú sójú ọ̀nà. Níbi tí àpáta bá ti sún mọ́ òkè, ìdọ̀tí lè bá ojú sísán kan lọ jìnnà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní Jámánì, ọjọ́ 50 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n: níbikíbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò bá ní lò tó ọjọ́ 50 kó tó dé kànga ìlú, wọn kì í fẹ́ kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀ tàbí kí wọ́n da ìgbẹ́ ẹran sí i.

Àwa tí kò ní ohun èlò tó máa ka ọjọ́, mítà 30 la máa ń lò láàárín kànga àti ṣálángá, ìsàlẹ̀ ṣálángá sì gbọ́dọ̀ fi mítà kan àtààbọ̀, ó kéré tán, ga ju ojú omi lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 36 lọ. Tí onílé bá gbẹ́ kànga síwájú pátápátá, tó gbẹ́ sọ́kàwéè sẹ́yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi rí mítà 30 yẹn. Sọ́kàwéè aládùúgbò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri ní ìwọ̀n mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ńkọ́? Kò sí onílé tó lè dá dáàbò bo kànga tirẹ̀ lórí irú ilẹ̀ yìí. Mo sì rò pé àdúgbò yín kò lè gba kànga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán là. Ẹ yan mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ṣeé gbà là, kí ẹ gbà wọ́n là dénú ilẹ̀. Kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún fífọṣọ àti fífọlé, kí ẹ kọ ọ́ sára wọn pé kì í ṣe mímu.

Ó kù bí ẹ ṣe máa yàn. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà tó ń jẹ́ Walkerton. Lóṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù láti oko kan wọ inú kànga ìlú tí wọ́n ń pè ní Kànga Karùn-ún. Ènìyàn 7 kú, àwọn tó ṣàìsàn lé ní 2,300. Nígbà tí Adájọ́ Dennis O'Connor wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó hàn pé kànga yẹn kò jìn rárá, pé láti ọdún 1978 tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni ewu rẹ̀ ti hàn, pé àgbẹ̀ tó ni màlúù kò rú ìlànà kankan, àti pé àwọn tó ń bójú tó omi ń kọ iye kílórínì (kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi) tí wọn kò wọ̀n sínú ìwé. Ìlú tó ní láàbù, tó lówó lọ́wọ́ ni o. Ewu ibẹ̀ kò fara sin. Kò ṣáà sẹ́ni tó fi ṣe àkọ́kọ́ láàárín àwọn nǹkan mìíràn.

Òfin tí Ontario ṣe lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2006, mú kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tó lè ba omi kànga ìlú jẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á fún agbára ewu náà ní máàkì tí kò ju 10 lọ, wọ́n á fún bó ṣe rọrùn tó fún ìdọ̀tí láti gba inú ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá ní máàkì tí kò ju 10 lọ, wọ́n á wá fi èkíní sọ èkejì di ìlọ́po. Èyí tó bá tó 80, dandan ni kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Tiyín kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú máàkì fọ́ọ̀mù WHO, kí ẹ fi iye ilé tó ń mu kànga náà sọ ọ́ di ìlọ́po. Kànga tó gba 7, tí ilé 40 ń mu, yóò jẹ́ 280. Èyí tó gba 9, tí ilé 5 péré ń mu, 45 ni. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù wálẹ̀.

Ìṣirò yẹn kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n: iye tí àtúnṣe máa ná yín. Ewu tí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lè mú kúrò lọ́sẹ̀ yìí yẹ kó ṣíwájú ewu tó jù ú lọ àmọ́ tí ẹ ò ní agbára rẹ̀ lọ́dún yìí. Níbi ìpàdé, ẹ ó rí i pé èyí tó ń dún lẹ́nu àwọn ọlọ́lá ni wọ́n máa fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi ìwé máàkì hàn wọ́n.

Kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì kò sí nínú ìṣirò kankan. Ẹ tì í lónìí, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Epo kì í ṣe kòkòrò. Kílórínì kò ràn án, aṣọ ìsẹ́mi kò dá a dúró, tí ẹ bá sì ní kí ẹ sè é, inú ilé ìdáná yín ni oró rẹ̀ máa tú sí. Ní Ògálè, ní ilẹ̀ Ògóni, ìwádìí tí UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde lọ́dún 2011 rí i pé benzene, oró inú epo tó ń fa jẹjẹrẹ, wà nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ní ìlọ́po tó lé ní 900 ju ibi tí WHO fi òdiwọ̀n sí. Ní Baruwa l'Èkó, epo tó jò lábẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga ilé lọ́kan-ò-jọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń ra omi mu lórí ilẹ̀ tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má tan ṣáná wo inú kànga yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì dúdú sí, torí kànga kejì wà nísàlẹ̀ wọn bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Èyí tó gbẹ ni màá mú ṣe èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ihò tó lọ tààrà dé ibi tí omi àwọn kànga yòókù wà ni. Ìdọ̀tí tí ẹ dà sí i kò ní erùpẹ̀ kankan láti gbà kọjá mọ́. Èyí tó burú jù ni ti onílé tó máa ń sọ irú kànga bẹ́ẹ̀ di sọ́kàwéè, tó ní òun fi owó agbẹ́kànga pa mọ́. Ẹ kó pàǹtí inú rẹ̀ kúrò bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, ẹ fi erùpẹ̀ mímọ́ kún un, kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń dà á, kí mítà tó kẹ́yìn lókè jẹ́ amọ̀, kí ẹ wá fi kọnkéré dé e.

Kànga mọ́ṣáláṣí ló máa gba owó yín jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí bíríkìlà fọ́ pèpéle tó ti sán, kó rọ òmíràn tó fẹ̀ tó mítà kan ó lé díẹ̀ yí kànga ká, kó dagẹ̀rẹ̀ síta, kí gọ́tà kékeré gbé omi rẹ̀ lọ jìnnà. Kí wọ́n fi ríńgì kan gbé ẹnu rẹ̀ ga kí àgbàrá má lè ré e kọjá. Kí agbẹ́kànga sọ̀kalẹ̀ fi sìmẹ́ńtì dí ojú ìsopọ̀ ríńgì láti inú. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń fa omi rẹ̀ gbẹ kó tó sọ̀kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù wọ inú kànga tàbí sún un mọ́ ẹnu rẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń kún ìsàlẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga àti àwọn tó kó sí kànga láti yọ wọ́n.

Ibi àlùwàlá ni kí ẹ bá Lèmọ́mù jókòó lé lórí. Ó yẹ kí ó kúrò lórí pèpéle kànga. Kí wọ́n fa páìpù tàbí kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù onífọ́sẹ́ẹ̀tì sí ìwọ̀n mítà 10 sí i, níhà ìsàlẹ̀. Tí owó bá kù, ẹ dé kànga náà pa, kí ẹ fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ sí i. Tí kò bá kù, ike ìfami kan ṣoṣo ni kí gbogbo ènìyàn máa lò, kó máa rọ̀ sórí ìkọ́ rẹ̀, kí kálukú má mú ti ilé rẹ̀ wá. Ike tó ti jókòó sílẹ̀ nínú ilé mẹ́wàá, ìdọ̀tí ilé mẹ́wàá ló ń kó wọ kànga.

Ẹ wá wo kílórínì. Lẹ́yìn àtúnṣe bí èyí, tàbí lẹ́yìn ìkún omi bí èyí tó bá Ìbàdàn lóṣù kẹjọ ọdún 2011, ó pọn dandan. Kànga tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jìn tó mítà mẹ́ta, gba omi tó nǹkan bíi lítà 2,350. Bílíìṣì olómi tí wọ́n kọ 3.5 nínú 100 sí lára, tí kò ní lọ́fínńdà nínú, lítà mẹ́ta àtààbọ̀ ló máa tó o. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú garawa, ẹ dà á yí ara ríńgì ká, ẹ ro omi inú kànga pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá máa fa omi dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Àmọ́ agbára rẹ̀ kì í pẹ́. Tí ihò tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé bá ṣì wà, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo rẹ̀ á padà síbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má tíì ra á fún kànga mẹ́sàn-án. Alọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń dà sí i kò sì pa kòkòrò. Ó kàn ń jẹ́ kí omi mọ́ lójú ni.

Àyẹ̀wò láàbù, ẹ gbé e fún kànga tí ẹ ti yàn, tí ẹ ti tún ṣe, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kì í ṣe ní ọyẹ́. Ohun méjì ni kí ẹ bèèrè. Èkíní ni E. coli, kòkòrò tó ń fi ìgbẹ́ hàn: kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan nínú mílílítà 100. Èkejì ni nitrate, kẹ́míkà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ máa ń dà nínú ilẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Tí E. coli bá wà, ihò kan ṣì wà tí ẹ ò rí. Ẹ padà lọ mú dígí. Tí nitrate ló pọ̀, sọ́kàwéè ti ń ṣàn sí abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, sísè kò sì lè mú un kúrò, ńṣe ló tún máa ki sí i. Ẹ má fi irú omi bẹ́ẹ̀ po oúnjẹ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Inú ike láàbù tí wọ́n ti pa kòkòrò rẹ̀ ni kí ẹ bu omi sí, kó wà nínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí mẹ́fà. Omi tó sùn nínú mọ́tò, ẹ má sanwó lé e.

Iṣẹ́ tó le jù kò gba owó púpọ̀, ìjà ló máa gbà. Fún kànga kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yàn, ẹ wọn mítà 30 yí i ká, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé àti ilẹ̀ tó bọ́ sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré bá. Kí ẹgbẹ́ àti baálẹ̀ fi sínú ìwé ìpàdé pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tí sọ́kàwéè rẹ̀ máa wà hàn kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan ni ìyẹn máa gbà yín ṣáájú ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn òrùlé, kóòtù ni. Àwọn tó ti kọ́lé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè kànga, torí omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ sódò. Kò sẹ́ni tó máa wó ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n onílé lè gbà kí wọ́n rẹ́ ìsàlẹ̀ táǹkì rẹ̀ pa kó máa pe ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́, pàápàá tí ẹgbẹ́ bá bá a gbé díẹ̀ nínú owó náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọgbà àwọn. Kí ẹ rán wọn létí ìgbẹ́ gbuuru èṣí.

Borehole kẹta wá ńkọ́? Ilẹ̀ kan náà, sọ́kàwéè kan náà, ihò tuntun. Owó tí ẹ ní kò lè gbẹ́ ẹ kó tún fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ó sì tún máa wá owó epo jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù. Ibì kan péré ni mo ti lè yí ọkàn padà: tí ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá ní ilẹ̀ gbalasa lókè àdúgbò, tí kò sí ilé láàárín mítà 30 sí i ní ìhà kankan, tí wọ́n sì fẹ́ kọ ìwé pé kò ní sí títí láé. Tí irú rẹ̀ bá wà, ẹ gba ìwé náà lọ́dún yìí, kí ẹ fi gbígbẹ́ sí ọdún tó ń bọ̀.